Ṣájà 100W, síbẹ̀ bátìrì ń lọ sílẹ̀

Mo ki ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù, iná rẹ̀ tàn, síbẹ̀ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ni bátìrì ń relẹ̀. Iná Ìkòròdú ni mo kọ́kọ́ bínú sí (ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?), àmọ́ mo tan jẹnẹrétọ̀, kò yàtọ̀.

Mo pa láptọ́ọ̀pù náà, mo fi igi ìtayín họ inú ihò USB-C rẹ̀ (ihò tí wáyà ṣájà ń wọ̀) jẹ́jẹ́. Eruku jáde, wáyà kò mì mọ́. Bátìrì ṣì ń lọ.

Àṣé wáyà ni. Ti fóònù ni mo ń lò, torí pé ẹnu wọn bára mu. Ẹnu lásán ló bára mu o! Wáyà USB-C tí kò ní chip e-marker (ẹ̀rọ kíún tó ń sọ fún ṣájà bí iná tí wáyà lè gbé ṣe pọ̀ tó) nínú kò gbọdọ̀ gbé ju 3A lọ, ìyẹn 60W ní 20V. 100W ń fẹ́ 5A. Ṣájà bi wáyà léèrè, wáyà ò dáhùn, ló bá dín iná kù.

Mo bá ẹ̀gbọ́n tó ń ta nǹkan fóònù lẹ́bàá gáréèjì. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tí wọ́n kọ 100W sí lára.”

“Àbúrò, ó wọ́n díẹ̀ o.”

Ó wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bátìrì ń kún bí mo tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ. Wáyà àkọ́kọ́ ti padà sídìí fóònù.