Bí mo ṣe gba ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá nígbà tí mo fi ọtí sílẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tí ara ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Káfíńtà ni mí, ìtòsí Gáréèjì Ọ̀ffà níbí n'Ílọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi mu ọtí, bíà ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dórí sàṣẹ́ẹ̀tì, nígbà tó yá ó di paraga àárọ̀ kùtù kí ọwọ́ tó lè dúró gbọin di ayùn mú. Mo ti fi sílẹ̀ báyìí, mo dúpẹ́. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ló le jù, ibẹ̀ náà sì làwọn èèyàn kì í ṣàlàyé, wọ́n á kàn ní ṣáà pinnu, ṣáà pinnu.

Ìpinnu nìkan ò tó. Ìpinnu àárọ̀ kì í bá èèyàn dé ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá jí, ó máa ń dá mi lójú pé ọtí ò tún ní kàn mí lẹ́nu mọ́ láyé, tó bá wá di aago mẹ́fà tá a gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, ara á kàn máa wá ibi tó mọ̀. Nǹkan tó gbà mí ni pé mo máa ń fi àárọ̀ ṣètò ìrọ̀lẹ́. Ibi tí màá gbà lọ sílé, nǹkan tí màá jẹ, ẹni tí màá jókòó tì, gbogbo ẹ̀ ni mo ti máa ń tò sílẹ̀ nígbà tí ojú mi ṣì mọ́, kó má di pé aago mẹ́fà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe ìkankan nínú ẹ̀, ẹ lọ ọsibítù ná. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, tọ́wọ́ ẹ̀ ti máa ń gbọ̀n kó tó kan án lẹ́nu láàárọ̀, kó má dá a dúró lójijì lóun nìkan nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi lọ, dókítà jókòó ó sì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi yékéyéké. Ó ní ọtí máa ń tẹ ọpọlọ lórí ba, ọpọlọ náà á wá máa fi agbára ta kò ó kó lè ṣiṣẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe lójoojúmọ́ títí tó fi máa mọ́ ọn lára. Ọjọ́ tí ọtí bá wá kúrò lójijì, kò sí nǹkan tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àmọ́ agbára tó fi ń ta kò ó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìyẹn ló ń fa gbígbọ̀n, òógùn, àyà jíjá, èébì, àìróorun sùn.

Ó ní láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ìgbà tí èèyàn mu ìkẹyìn ló máa ń bẹ̀rẹ̀, gìrì lè gbé àwọn kan láàárín wákàtí 48, tó bá di bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin àwọn kan máa ń rí nǹkan tí ò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, wọ́n á máa sọ̀sọkúsọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ń pààyàn. Ká sáré gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ọsibítù ni, kì í ṣe pé ká máa sọ pé ayé ló ń ṣe é. Wọ́n fún mi lóògùn tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún fún mi ní fítámì B1 tí wọ́n ń pè ní thiamine, torí ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ kì í ní in lára tó, àìsí ẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ má dá lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì o, òun àtọtí tí wọ́n bá pàdé nínú ara lè dá èémí dúró.

Ẹ ẹ̀ mọ bí àlàyé yẹn ṣe ràn mí lọ́wọ́ tó. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tutù rinrin fún òógùn, tí ọkàn mi ń sọ pé tó bá jẹ́ bó ṣe máa rí nìyí mi ò lè ṣe é, mo mọ̀ pé kì í ṣe bó ṣe máa rí nìyẹn, ibi tó le jù nínú ẹ̀ la wà, á rọlẹ̀. Ó sì rọlẹ̀ lóòótọ́.

Nǹkan tó kàn ni pé mo sọ ọ́ síta. Ìlú Ìlọrin yìí, ìlú alfa, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń mu ún la kì í fẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀, a máa lọ àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ wá lọ mu ún, a á jẹ súìtì tó ń ta lẹ́nu ká tó wọlé. Ẹni tó bá wá ń mutí ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ni yóò ti máa fi í sílẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa bi í lálẹ́ pé báwo lòní ṣe rí. Mo sọ fún ìyàwó mi, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo wá sọ fún alfa mọ́ṣáláṣí wa, òun lẹ̀rù ẹ̀ bà mí jù. Mo rò pé wàásù ló máa fi bẹ̀rẹ̀, ó kàn wò mí, ó ní, "Ṣó o ti rí dókítà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Ó dáa, tá a bá ti kí Mọ̀gàríbì tán, má lọlé, jókòó tì wá títí di Ìṣáì." Àwọn àgbààgbà kan máa ń ka kéwú lákòókò yẹn. Ẹ wò ó, àárín Mọ̀gàríbì sí Ìṣáì yẹn gan-an ni wákàtí ọtí mi. Kò mọ̀, àbí ó mọ̀, mi ò bi í.

Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Alcoholics Anonymous, ọdún 1935 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìkan ń ṣe òwò ìpín ìdókòwò, ìkejì jẹ́ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ, ọtí sì ti fojú àwọn méjèèjì rí màbo. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ wọn fún mi. Wọ́n ní kéèyàn má ṣèlérí pé títí láyé, òní nìkan ni kó wò, wákàtí 24. Lójú tèmi, wákàtí 24 pàápàá ti pọ̀ jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ni mo bá fi ìrun márùn-ún gé e sí wẹ́wẹ́. Láti Àsùbáà mi ò ní mu títí di Àyìlà, láti Àyìlà títí di Àlàásàrì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì lè fi oúnjẹ tàbí aago iṣẹ́ gé tiẹ̀, kó ṣáà má jìn.

Òǹgbẹ ọtí fúnra ẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ ló rí, ariwo ẹ̀ pọ̀ àmọ́ kì í pẹ́. Bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 báyìí, tó o bá ti lè wá nǹkan ṣe, á lọ. Mi ò bá a jà, mi ò sì jókòó máa wò ó, mo máa ń mú sáńpépà kí n máa fi ha pákó. Dókítà ní kí n máa bi ara mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá dé: ṣé ebi ń pa mí ni, ṣé inú ń bí mi ni, ṣé mo dá wà ni, ṣó ti rẹ̀ mí ni? Wallahi, ebi ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyàwó mi ti mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá ti ń kanra, á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹun ná, ká tó sọ̀rọ̀ kankan." Mo wá ń jẹun kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wàrà díndín àti ẹ̀kọ, tàbí kí n mu kúnú tó tutù dáadáa. Nǹkan dídùn á máa wu èèyàn gan-an lákòókò yẹn, dàbínù ni mo máa ń kó sápò.

Mo yí ọ̀nà padà pẹ̀lú. Ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sílé tẹ́lẹ̀ kọjá níwájú ibi tí a ti ń mu, ni mo bá ń gba ẹ̀yìn, ó jìn díẹ̀, kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Owó sàṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, inú kóló ni mò ń jù ú sí, àwọn ìbejì ló máa ń bá mi jù ú, wọ́n fẹ́ràn bó ṣe ń dún.

Ẹ ṣọ́ra fún àgbo o. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Èyí tí wọ́n fi omi sè wà, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé e mu, ìyá alágbo á sọ fún yín. Ẹ má sì dúró de ìjọba. Oṣù kejì 2024 ni NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin pé kò gbọ́dọ̀ sí ọtí inú sàṣẹ́ẹ̀tì mọ́, ariwo sọ, wọ́n tún sún un síwájú lọ́dún yẹn náà, ó sì tún padà sórí igbá lẹ́bàá títì, nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọtí inú ẹ̀ lè tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí bíà máa ń wà ní bíi 5. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ọmọ ọlọ́kadà tí wọ́n ń fi eyín ya á láàárọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ ńkọ́? Mo yọ ara mi kúrò ní gúrúùpù wọn lórí WhatsApp. Èyí tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, màá ní mò ń lo oògùn, òótọ́ sì ni, ọ̀rọ̀ parí. Ìnáwó ni mi ò lọ rárá lọ́sẹ̀ yẹn, mo fowó ránṣẹ́.

Oorun ló pẹ́ jù kó tó bọ̀ sípò. Nígbà tí gbígbọ̀n ti lọ pátápátá, mo ṣì máa ń lajú sílẹ̀ lóru, màá dìde wẹ̀, màá tan rédíò jẹ́jẹ́. Mo tún máa ń lálàá pé mò ń mutí, màá ta jí, àyà mi á máa lù. Dókítà ní ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe pé èèyàn ti padà sídìí ọtí.

Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó o wà ní Kwara níbí, ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ ẹ tó, wọ́n á darí ẹ síbi tó bá yẹ, UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Ose, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Mú ẹnì kan dání tí ò ní bá ẹ dín iye tó ò ń mu kù lójú dókítà, torí iye yẹn ni wọ́n á fi mọ bí oògùn ẹ ṣe máa tó.