Ẹ̀rọ Ìwọn-eré Ọta Kò Purọ́ Mọ́ Ìbọn Yín, Ẹ̀yin Lẹ Ò Mọ̀ Ọ́n Gbé Kalẹ̀

Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí chronograph, ẹ̀rọ ìwọn-eré ọta yìí, jẹ́. Ẹni tó bá ti ra ìbọn afẹ́fẹ́, tó tún wá owó kún owó kó lè ra ẹ̀rọ tí yóò máa wọn eré ọta rẹ̀, ti mọ̀ pé ojú méjì ló wà lára ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀ pé ó ń ka àkókò tí ọta fi kúrò lórí ojú kan dé orí ìkejì, kó tó kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọta ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Owó tí ẹ ń dà sígbó ló ń dùn mí. Láti Ìkéré títí dé Ìkòlé, orin kan náà ni mò ń gbọ́: "Ìbọn yìí ti bàjẹ́, ẹni tó tà á fún mi ti lù mí ní jìbìtì." Ìbọn ò bàjẹ́. Àpótí kékeré tí ẹ gbé síwájú rẹ̀ ni ẹ ò gbé dáadáa. Èmi náà kì í kúkú ṣe ọdẹ aperin. Ìyàwó mi ní inú ìwé ìṣirò mi nìkan ni ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń kú, pé àwọn tó wà lóko ṣì ń jẹ kòkó wa ní àlàáfíà.

Àkọ́kọ́: ìwé àṣẹ. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tó ń gba ìwé àṣẹ. Ẹ má dúró dìgbà tí ọlọ́pàá bá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lójú ọ̀nà.

Èkejì: bátìrì. Bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ìsọkúsọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta: yíyìnbọn lu ẹ̀rọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo yín lẹ máa ṣe é tí ẹ ò bá gbọ́ èyí. Awò tí ẹ dè sórí ìbọn ga ju ojú ihò ìbọn lọ ní nǹkan bí íǹṣì méjì. Lókèèrè, ọta àti ojú awò máa ń pàdé. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síwájú ẹnu ìbọn, wọn ò tíì pàdé rárá, ọta ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń wò. Ẹ wá wo inú awò, ẹ rí i pé àmì wà lókè àpótí díẹ̀, ọkàn yín balẹ̀, ẹ fa ìbọn, pàá! Ọta wọ inú gíláàsì tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀. Owó ẹ̀rọ lọ nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ na páálí síbi tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí, kí ẹ de ìbọn mọ́ orí àpò iyanrìn, kí ẹ yin ẹyọ kan, kí ẹ wo ibi tí ihò wà. Ihò yẹn ni kó bọ́ sí àárín ojú fèrèsé ẹ̀rọ, ohun yòówù kí awò máa sọ. Ẹ sì yọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé ike funfun orí ẹ̀rọ dúró, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tó nípọn rọ́pò wọn. Bí ọta bá bà á, ìgbálẹ̀ lásán ló ṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó ń bí mi nínú jù: oòrùn.

Ojú ẹ̀rọ yẹn, ojú ọ̀run ló ń wò. Bí ọta bá kọjá lórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á dín kù fún ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan, ohun tí ẹ̀rọ ń dúró dè nìyẹn. Tí ẹ bá gbé e sábẹ́ oòrùn agogo méjìlá ọ̀sán, tí ìtànṣán ń wọ ojú kan ju ìkejì lọ, tàbí tí ó ń kọ mànà lára òjé ọta, ojú kan á tètè rí i, èkejì á pẹ́ kó tó rí i. Nínú àwọn tó pọ̀ jù lọ́jà, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló wà láàárín ojú méjèèjì. Bí ojú kejì bá fi ìdá mẹ́rin íǹṣì kan pẹ́, àṣìṣe náà ti lé ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ọta tó ń sá 800, ó ti tó ẹsẹ̀ bàtà 16 tí kò sí níbì kankan àfi lójú gíláàsì.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìkéré, lábẹ́ òkè Olósùnta níbẹ̀. Ó pè mí pé ìbọn onísípíríǹgì òun ti ya wèrè. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi lórí fóònù: 612, 874, 655, 790. Mo bi í pé agogo mélòó ló yìn ín. Ó ní ọ̀sán. Mo ní ibo ni ike funfun tó bá ẹ̀rọ wá wà? Ó ní inú páálí, pé kò ríṣẹ́ tí ike ń ṣe. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti ra sípíríǹgì tuntun, ó ti ra rọ́bà ìdíná, ó ti sanwó fún ẹni tó tú ìbọn tó sì tò ó padà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí iṣẹ́, òjò ṣú, ojú ọ̀run funfun kan náà láti ìkángun dé ìkángun. Ó yìn ín, gbogbo nọ́ńbà dúró sí àyíká 700. "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín, sípíríǹgì ni!" Mo ní kó gbé ògbólógbòó sípíríǹgì yẹn dání. A dá a padà sínú ìbọn, a na aṣọ ibùsùn funfun lókè ẹ̀rọ láti bo oòrùn, a yìn ín. Àyíká 700 náà ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Sípíríǹgì tuntun náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Ike funfun yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ìmọ́lẹ̀ ká kó lè dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ tó dára jù lọ́dọ̀ wa ni ti ìgbà ọyẹ́, tí eruku ti sọ ojú ọ̀run di ẹfun, tàbí òwúrọ̀ tí kùrukùru ò tíì ká lórí òkè. Ẹ má sì rò pé inú ilé ló sàn. Gílóòbù funfun gígùn (fluorescent) tí a ń tàn nílé ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí iná ìjọba. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ka eré ọta tí ẹnikẹ́ni ò yìn.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Ẹ̀rọ tí ẹ ò tú palẹ̀ tán ní ìdè rẹ̀ ń mú ojú méjèèjì súnmọ́ra, nọ́ńbà á sì ga ju òtítọ́ lọ. Èyí tí ẹ gbé ní wíwọ́, nọ́ńbà rẹ̀ á kéré. Àwọn tó ń fi ẹ̀tù ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹ̀rọ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15, nítorí èéfín àti ìró ẹ̀tù lè tètè jí ojú àkọ́kọ́. Ìbọn afẹ́fẹ́ ò nílò tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tó. Ẹ má sì fi àpáta ṣe ibi tí ọta máa dúró sí, mo mọ̀ pé àpáta pọ̀ ní Èkìtì. Ọta máa ń ta padà. Ẹ di iyanrìn sápò.

Ìbọn tuntun tó ń rú èéfín lẹ́nu, tó ń dún ju bó ṣe yẹ lọ, òróró inú rẹ̀ ló ń jó. Nọ́ńbà ńlá tó ń gbé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ agolo ọta kan ná. Ẹni tó bá ń kán òróró sí i kó lè rí nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, rọ́bà ìdíná rẹ̀ ló ń jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọta mẹ́ta péré dán ìbọn wò ńkọ́? Ẹ yin mẹ́ta, ẹ rí i pé wọ́n súnmọ́ra, ẹ kéde pé ọta yìí ló bá ìbọn yín mu, ẹ ra agolo mẹ́wàá. Ìṣirò ò gbà bẹ́ẹ̀. Lórí ọta mẹ́ta, bí eré ọta ṣe ń yàtọ̀ síra gan-an lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ohun tí ẹ rí. Lórí mẹ́wàá, kì í sábà tó ìlọ́po méjì. Ẹ yin mẹ́wàá. Tó bá sì jẹ́ ìbọn tí a ń fi pọ́ǹpù kún ni, ẹ kọ ohun tí géèjì ń sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń lọ sílẹ̀, eré á máa yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọta fífúyẹ́ kí ẹ lè fi 1,000 yangàn nínú ẹgbẹ́, ẹ fi ìwúwo ọta ní grain (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta) lọ́nà eré lọ́nà eré, kí ẹ pín in sí 450,240, ẹ óò rí agbára tí ọta ń gbé lọ ní foot-pound. Ọta grain 8 tó ń sá 1,000 ń gbé nǹkan bí foot-pound 17.8 lọ. Ọta grain 10.5 láti ẹnu ìbọn kan náà, tó ń sá 880, ń gbé 18.1. Èyí tó lọ́ra ló wúwo lára ọ̀kẹ́rẹ́, òun náà ni afẹ́fẹ́ kì í tètè gbá kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹnìkan á sì sọ pé òun á kúkú ra ti radar, èyí tó ń fi ìgbì rédíò tọpa ọta, tí kò bìkítà fún oòrùn. Òótọ́ ni, bí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìbọn ló ń jókòó, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọta ń lọ. Lára wọn, ariwo ìbọn ẹ̀tù ló ń jí wọn, ìbọn afẹ́fẹ́ ò sì dún tó bẹ́ẹ̀, ẹ óò tún ra ohun mìíràn tí yóò máa jí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.