Bí Wọ́n Bá Wọ́ Ẹ̀yìn Rẹ Tán, Má Tíì Sá Lọ

Télọ̀ ni mí ní Sábó, Ìkòròdú. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ jẹun mọ̀ pé ìbàdí ló máa ń kọ́kọ́ ké gbàjarè, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Tèmi mú mi lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, ó gba inú ìdí lọ sí ẹ̀yìn itan. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi kí n di tábìlì mú. Púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi náà ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ti jẹ̀díjẹ̀dí kúrò nílẹ̀ ná. Ládùúgbò wa, kò sí ìrora ìdí tí wọn ò ní pè ní jẹ̀dí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mu àgbo, inú mi ń ṣí bí omi ẹ̀rọ, ìbàdí ò gbọ́. Oríkèé tó so egungun ìdí mọ́ egungun ìbàdí ló ń dùn mí. Méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àgbo ò dé ibẹ̀.

Wọ́n tún ní eegun mi ti yẹ̀, kí n wá ẹni tí yóò tò ó. Oríkèé yìí kan náà, ìrìn rẹ̀ ò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, àwọn iṣan tó yi ló dè é pinpin. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ gbá èèyàn tàbí ó já bọ́ láti òkè, kì í ṣàdédé yẹ̀. Ìró "kọ́ọ̀" tí ẹ ń gbọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni, kì í ṣe eegun tó padà sílé. Ẹ má sì ní kí ọmọ gun yín lẹ́yìn kó máa tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Eegun àgbàlagbà lè ti fẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Àṣìṣe tó jẹ mí lówó jù nìyí. Mo dé ọ̀dọ̀ físíò, oníṣègùn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ó fi ọwọ́ tẹ oríkèé náà, ó na ẹsẹ̀ mi, ó wọ́ iṣan ìdí. Mo dìde bí ọmọge. Ó kọ́ mi ní eré ìdárayá tí n óò máa ṣe nílé, mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Dókítà." Mi ò ṣe ọ̀kankan. Ọjọ́ kẹta, ìrora dé. Mo tún lọ, ó tún wọ́ mi, ó tún padà. Nígbà kẹrin, ó wò mí títí, ó ní, "Mà, ṣé owó ló ń yọ yín lẹ́nu ni?"

Ó ní ọwọ́ òun lè dẹ iṣan tó le, kí ìrora rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí n fi ṣe eré ìdárayá, torí iṣan ìdí, ti ikùn àti ti ẹ̀yìn ló ń bá oríkèé náà gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ náà yé mi bí télọ̀. A máa ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ di aṣọ mú ká tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ta ló ń wọ aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ dì lásán lọ òde?

Èyí tí mò ń ṣe jù: mo dùbúlẹ̀ kí n kọjú sókè, mo ká orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀, mo gbé ìdí sókè, mo ka ení dé àrún, mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má fi ìtara bẹ̀rẹ̀ o. Bí ara bá ro díẹ̀, tó lọ kílẹ̀ tó mọ́, kò burú. Bó bá le jù tàná lọ, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má pa á tì.

Aláboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ sọ fún físíò kó tó fọwọ́ kàn yín. Oríkèé yín ti dẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ fà á nífàkufà.

Ti bẹ́líìtì ìbàdí ńkọ́? Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2023, lórí ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́ lára, kò fọwọ́ sí i. Eré ìdárayá àti ìwọ́ra wà lára ohun tó fọwọ́ sí. Oògùn inú ọ̀rá tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń kó fúnni ní kẹ́míìsì, ẹ jìnnà sí i.

Bí abẹ́ tàbí àárín itan bá kú tipiri, tí ìtọ̀ ò jáde, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì ò gbéra mọ́, ẹ má dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kó wọ́ yín. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹní wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, àwọn ọmọṣẹ́ á ti fa kọ́tìnnì, kí oníbàárà má baà bá ọ̀gá wọn nílẹ̀, tó gbé ìdí sókè.