Kí a jó o ni, àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó ti pẹ́

Ìgbà tí ọkọ̀ tó ti pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀pọ̀ wa ní Abẹ́òkúta máa ń rántí pé ó ní sàlẹ́ńsà. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ jórinjórin tó sún mọ́ wa jù ni a ó gbé e lọ, a ó ní kó bá wa pa ariwo náà, bí ariwo bá sì ti lọ, a ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù nìyí, nítorí pé etí kọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá kí a tún sàlẹ́ńsà ṣe tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ihò náà wà, àti bí irin tó yí i ká ṣe nípọn tó, ni ó yẹ kó pinnu rẹ̀.

Ihò tó wà lára àpótí ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí tó ń pa ariwo ní ìparí sàlẹ́ńsà, lè pariwo débi pé yóò jí gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni èéfín rẹ̀ ń gbà lọ jù bí ọkọ̀ bá ń rìn. Èyí tó léwu jù ni ti iwájú, bí irin manifold tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì bá sán, tàbí bí páìpù tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kọjá bá lu. Ìró rẹ̀ lè máà ju tín-tín-tín lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, kí irin tó gbóná, kó fẹ̀, kó sì dí ojú ibi tó sán. Ẹni tó ń fi etí wọn nǹkan yóò ní ọkọ̀ náà ti sàn. Bẹ́ẹ̀, inú èéfín ẹ́ńjìnnì ni carbon monoxide wà, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá, tó ti gíláàsì pa, lè rò pé oòrùn ló fa orí fífọ́ àti òòyì tó ń kọ́ òun. Kí ènìyàn náwó lórí àpótí ẹ̀yìn nítorí ariwo, kó wá gbàgbé iwájú, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Wíwá ibi tó ń jò kò le. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ní ìta gbangba, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ ṣíná ọkọ̀, kí ẹnì kan fi àkísà nínípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹlòmíràn sì tẹ́tí sí abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti ń ṣe fíì ni èéfín ti ń jò. Èérí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀ páìpù náà jẹ́ ẹ̀rí.

Àṣìṣe tó ń gbọ́n owó lápò wa jù ni jíjó irin tí kò sí mọ́. Inú ni sàlẹ́ńsà ti sábà máa ń dípẹtà wá sí ìta. Bí lítà epo bẹntiróòlù kan bá jó tán, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bí ọkọ̀ bá rin ọ̀nà jíjìn, bí ẹni ń lọ sí Èkó, gbogbo irin náà yóò gbóná, omi náà yóò sì bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìrìn rẹ̀ kò ju láti Ìbarà dé Pánṣẹ́kẹ́ lọ, àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbóná tó láti gbẹ. Omi tó ní èròjà kíkan díẹ̀ yóò dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa jẹ irin náà tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, ihò tí kò ju orí èékánná lọ ní ìta lè ní irin tó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà yí i ká, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Iná jórinjórin kò lè rí ohun dì mú níbẹ̀. Ṣe ni yóò máa mú ihò fẹ̀ sí i.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Láàárín ìgbà òjò kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé Corolla mi lọ jó, ihò tuntun kì í sì í jìnnà ju ìbú àtàǹpàkò lọ sí ojú ibi tí wọ́n jó kẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣírò owó tí mo ti san, ó ti ju owó àpótí tòkunbọ̀ lọ. N kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, nítorí èmi ni n kò ní kí wọ́n kan irin náà wò. Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tanná, ẹ ní kó fi ìdí sukudíráfà kan gbogbo ara páìpù náà. Irin tó lera máa ń dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bọ̀ọ́, ìpẹtà yóò sì máa já bọ́ lára rẹ̀. Bí irin bá ṣì lera yí ihò ká ní ìbú ìka méjì, ẹ jó o. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ apá ibẹ̀. (Agolo mílíìkì tí a fi wáyà dè mọ́ ọn kò tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí.)

Ọ̀tọ̀ ni páìpù tó gé nítorí pé ó forí sọ òkúta, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n nílùú tí òkúta fún lórúkọ. Irin irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè ṣì nípọn dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó sì jó o. Àwọn kan tilẹ̀ ń ra odindi sàlẹ́ńsà nítorí ìró kàràkàrà, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà tí a fi so ó rọ̀ ló já, tàbí páànù fẹ́lẹ́ tó ń dá ooru dúró ló tú. Sàlẹ́ńsà ní iwájú, àárín àti ẹ̀yìn. Èyí tó bá bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá ti pinnu láti jó o, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú orí bátìrì kí wọ́n tó tan iná ẹ̀rọ, nítorí iná náà lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dí ihò wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ àwọn àpótí ẹ̀yìn kan: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló lu ú síbẹ̀ kí omi lè máa kán jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ fi páìpù omi ẹ̀rọ dípò páìpù èéfín, ẹ kọ̀. Èròjà zinc tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ máa ń di èéfín tó ń ṣe ẹni tó ń jó o níbi.

Lórí catalyst, àpótí ojú ọ̀nà sàlẹ́ńsà tó ń dín oró inú èéfín kù, n kì í fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e dànù. Irin olówó iyebíye, platinum, palladium àti rhodium, ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ní òun yóò bá yín yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ ibi tí òun yóò ti tà á. Peugeot 504 alákábúrétọ̀ kò ní in, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é mọ́ nílò rẹ̀. Bí ó bá dí tàbí bó bá yọ́ nínú, ẹ kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì àti bóyá ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, nítorí epo tí kò jó tán ló sábà máa ń pa á, yóò sì pa tuntun náà bí a kò bá wo ìdí rẹ̀. Bákan náà, bí páìpù bá ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, atẹ́gùn tó ń wọlé lè tan kọ̀ǹpútà jẹ pé epo kò tó, yóò sì máa da epo sí i. Ní iye tí wọ́n ń ta epo láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń sún àtúnṣe bẹ́ẹ̀ síwájú ń san owó rẹ̀ nílé epo.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mì í kí ẹ tó sanwó: bí nǹkan bá ń ró ṣàkà-ṣàkà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ti já. Ẹ fi ẹnu páìpù rẹ̀ wé ti àtijọ́, nítorí èyí tó há jù yóò fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ẹ sì bá mẹkáníìkì sọ ọ́ ṣáájú, ta ni yóò sanwó bí bóòtù manifold bá gé sínú ẹ́ńjìnnì, torí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tó ti pẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tún fi àkísà dí ẹnu rẹ̀ wò níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tún àwọn bóòtù náà fún, nítorí pé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, ohun tí a fi dí ojú ìsopọ̀, lè rọ̀ díẹ̀ bí ooru bá ti mú un.