Àṣìṣe tí iléeṣẹ́ iná àti àwa aráàlú máa ń ṣe kí pàjáwìrì tó dé

Bí ìjì bá jà, iná á lọ. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé bí wọ́n bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀, wọ́n á rí i pé ọjọ́ tí ara tu gbogbo èèyàn ni àṣìṣe náà ti wáyé: igi tí wọn ò gé, fọ́ọ̀mù tí wọn ò kọ, irin tó ti jẹ tí ẹnikẹ́ni ò gòkè lọ wò. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ka díẹ̀ nínú àwọn àṣìṣe yìí síta, ti iléeṣẹ́ iná lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà tiwa tó ń lo iná.

Wọ́n ń rò pé ibi tó dákẹ́ ló dára

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, iná lọ lọ́dọ̀ nǹkan bí 50 mílíọ̀nù èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìjì kankan kò jà lọ́jọ́ náà. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, wáyà ńlá kan gbóná, ó rọ̀ wálẹ̀ bí wáyà ṣe máa ń rọ̀ bí iná bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kan igi tí wọ́n ti jẹ́ kó ga jù lábẹ́ rẹ̀. Bí iná ṣe já lórí wáyà yẹn, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí àwọn tó kù. Àwọn náà gbóná, àwọn náà rọ̀, wọ́n lọ bá igi tiwọn.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ gíríìdì, ìyẹn àpapọ̀ wáyà àti ẹ̀rọ tó ń gbé iná kiri, kọ̀ǹpútà tó yẹ kó pariwo ti dákẹ́ láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 14. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó síwájú rẹ̀, wọn ò rí àmì ewu kankan, wọ́n gbà pé kò séwu. Àwọn ará ìta ń pè wọ́n lórí fóònù pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, wọn ò tètè gbà. Nígbà tí aago mẹ́rin fi máa kọjá díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ náà nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n máa dán an wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì máa bi àwọn tí wọ́n jọ wà lórí gíríìdì kan náà léèrè ohun tí wọ́n ń rí.

Ẹ tún wo ti ìlú Paradise ní California, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018. Ìkọ́ irin kan ló gbé wáyà rọ̀ sórí òpó gíga. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jù ú síwá-sẹ́yìn lọ́dọọdún, irin ń fi irin gé díẹ̀díẹ̀, títí ìkọ́ náà fi tín-ín-rín tó sì já. Wáyà fì, iná ta sórí koríko gbígbẹ. Èèyàn 85 ló bá iná náà lọ. Ní ọdún 2020, iléeṣẹ́ iná PG&E, tó ni òpó náà, gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi ikú èèyàn 84 nínú wọn. Ìkọ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀! Ẹni tó bá gòkè, tó fọwọ́ kàn án, á ti rí i pé ó ti jẹ.

Wọn ò mọ ẹni tí iná kò gbọdọ̀ já lọ́wọ́ rẹ̀

Àṣìṣe yìí ló ń ká mi lára jù.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle bo Texas. Iná tó wà kò tó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já iná àwọn àdúgbò kan kí gíríìdì má baà dà wó. Ó ku ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 péré kó wó tán pátápátá. Pé wọ́n já iná kì í ṣe àṣìṣe. Nígbà míì, òun nìkan ló lè gba gbogbo ìlú là. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé àwọn ibi tí gáàsì ti ń lọ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná wà lára àwọn tí wọ́n já. Fọ́ọ̀mù kan wà tó yẹ kí àwọn onígáàsì ti kọ ṣáájú, pé kí wọ́n má já iná àwọn. Ọ̀pọ̀ ò kọ ọ́. Àwọn míì ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rí. Iná wọn já, gáàsì dín kù. Gáàsì dín kù, iná túbọ̀ dín kù. Ó dà bí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Òkú 246 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà. Bẹ́ẹ̀ òtútù ti dán wọn wò lọ́dún 2011, wọ́n sì ti kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n múra ẹ̀rọ àti páìpù wọn de òtútù. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ogun yìí tẹ́lẹ̀, ó sì pa èèyàn.

Bákan náà ló rí nínú ilé wa. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tó ń fi ẹ̀rọ mí. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà á ké fín-ín, á dákẹ́. Ó ku sílíńdà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wákàtí mélòó kan ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbé e dé. Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ iná ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí, kí wọ́n lè tètè kìlọ̀ fún un tàbí lọ wò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹlòmíì ti kó kúrò nílé, ẹlòmíì ti pààrọ̀ fóònù. Àwọn ẹbí náà á ní, "A ti kọ orúkọ màmá sílẹ̀, iná ò ní lọ níbí." Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Wáyà kan náà ló gbé iná fún gbogbo àdúgbò. Ìkìlọ̀ ni ìwé yẹn sábà máa ń mú wá, kì í dá iná dúró. Ẹ ra bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ náà, ẹ mọ iye wákàtí tó lè gbé e, kí ẹ sì ti mọ ilé tí ẹ máa gbé màmá lọ bó bá kù díẹ̀ kó tán.

Wọ́n ń gbé ohun ìgbàlà síbi tí omi ń dé

Nígbà tí ìjì Sandy kọ lu New York ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ibùdó kan tí Con Edison ti ń pín iná ní East 13th Street ti múra de omi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12.5. Omi náà wá tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Nílé ìwòsàn NYU Langone, jẹnẹrétọ̀ wà lókè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé ni ohun tó ń fa epo sí i wà. Omi bò ó. Wọ́n gbé aláìsàn tó lé ní 300 sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tó fi mọ́ àwọn ọmọ jòjòló tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí lẹ́dọ̀fóró bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ètò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Wọn ò tètè ké gbàjarè

Ìjì Maria pa gíríìdì Puerto Rico rẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Àwọn iléeṣẹ́ iná Amẹ́ríkà ti ń bára wọn ṣe bí ẹni ń ṣe àáró tipẹ́: bí àjálù bá dé bá ọ̀kan, àwọn yòókù á kó ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ wá. PREPA, iléeṣẹ́ iná Puerto Rico, tó ti wọko gbèsè tó sì ti wọ ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, kò tètè pè wọ́n. Ó gbé iṣẹ́ tó tó 300 mílíọ̀nù dọ́là fún Whitefish, iléeṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ nígbà tí ìjì náà jà. Ariwo ta, wọ́n fagi lé e. Ó ti lé ní oṣù kan kí ìpè àáró náà tó jáde. Àwọn ilé kan wà lókùnkùn fún nǹkan bí oṣù 11.

Tiwa

Àṣìṣe tó burú jù nínú ilé ni kí èèyàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ ihò iná ara ògiri. Iná náà á gba ojú wáyà jáde sí ìgboro, á dé ara tàràǹsífọ́mà, tàràǹsífọ́mà á sì ṣiṣẹ́ sẹ́yìn: 240 volt tó jáde nílé yín á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt lórí òpó. Òṣìṣẹ́ kan wà lórí òpó yẹn. Bó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan wáyà, á kọ́kọ́ fi ọ̀pá gígùn gbé ẹ̀rọ ìdánwò sún mọ́ ọn, á tẹ́tí sí i bóyá ó ń ké, á wá fi wáyà mìíràn so ó mọ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má fi ẹ̀mí rẹ̀ dán ìṣọ́ra rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná so change-over sí ilé yín.

Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, sínú gáréèjì, tàbí sábẹ́ fèrèsé. Èéfín carbon monoxide kò rùn, kò sì ṣeé fojú rí; oorun ló fi ń mú èèyàn lọ. Ó kéré tán, kó jìnnà sílé ní mítà 6.

Bí wáyà bá já sílẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé "ó ti kú." Ojú kì í rí iná nínú wáyà. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀: ẹ fi mítà 10 sí àárín yín, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, ẹ pe iléeṣẹ́ iná. Bó bá já lé ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọn yóò fi dé, àfi bí ọkọ̀ bá ń jóná.

Ẹ má sì bínú sí òṣìṣẹ́ tó kọjá níwájú ilé yín láìdúró. Wáyà ńlá àti ibùdó ìpínná ni wọ́n ń kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn àti ibi tí omi ti ń wá, lẹ́yìn náà ibi tí àtúnṣe ẹyọ kan ti máa tan iná fún èèyàn tó pọ̀ jù. Wáyà tó wọ ilé ẹnì kan ló ń kẹ́yìn.

Kí iná tó dé, ẹ pa fíríìjì, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ pa gbogbo ohun tó ń fa iná púpọ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá fi tiwọn sílẹ̀ ní títàn, iná á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sínú gbogbo rẹ̀, ẹrù náà á wọ tàràǹsífọ́mà lọ́rùn, iná á tún lọ. Gílóòbù kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní títàn, òun ni yóò sọ fún yín pé iná ti dé.