Bí a ṣe ń parí ìjà ráútà méjì nínú ilé kan

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé dáadáa kọ́ ni ibi tí a ń jókòó sí. Òkè àti àpáta pọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, nítorí náà ojú fèrèsé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ráútà oní-sím (ẹ̀rọ tó ń fi sím gba íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà) sábà máa ń wà, pálọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Onílé á ra ráútà kejì, á fi wáyà so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ á sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àfi ìgbà tí iná bá lọ tó tún dé. Fóònù kan á máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì á ní òun ti so mọ́ Wi-Fi ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, kọ̀ǹpútà ò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ẹ má tíì ra dátà mìíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ráútà méjèèjì ló ń du ipò ọ̀gá.

Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà. Bí ráútà bá ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, ọba ni í ṣe. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ (IP address ni, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù), òun náà ló sì ń pín nọ́ńbà fún gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá so mọ́ ọn. Iṣẹ́ pípín nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní DHCP. Láti 1996 ni ìwé ìlànà RFC 1918 ti ya àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìgba àṣẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ráútà fi ń mú nọ́ńbà kan náà léraléra: 192.168.0.1, 192.168.1.1, tàbí 192.168.8.1 tó wọ́pọ̀ lára ráútà oní-sím.

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọra, ìjà dé. Bí wọn ò bá tilẹ̀ jọra, tí àwọn méjèèjì sì ń pín nọ́ńbà lórí wáyà kan náà, ìjà ṣì wà níbẹ̀, nítorí ráútà tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni fóònù máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí èyí tí kò ní sím bá ló yára dáhùn, á sọ fún fóònù pé òun ni ọ̀nà àbájáde, bẹ́ẹ̀ òun alára kò ní ọ̀nà kankan. Gbogbo ìgbà tí iná bá sì padà dé ni fóònù ń tún nọ́ńbà béèrè. Ohun tó ń mú kí àìsàn náà máa lọ kó máa bọ̀ nìyẹn.

1. Ẹ wádìí rẹ̀ ná

Lórí fóònù, ẹ ṣí Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Gateway" tàbí "Router" sí, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀nà àbájáde. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí "cmd", ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo "Default Gateway". Bí fóònù méjì nínú ilé kan bá mú Gateway ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, ráútà méjì ló ń pín nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò sí ráútà kankan tó dá a lóhùn, òun ló fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà.

Láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà méjèèjì jọra, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà kejì, kí ẹ yọ ráútà àkọ́kọ́ kúrò lára iná. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá tẹ ping (àṣẹ tó ń béèrè bóyá nọ́ńbà kan ń dáhùn) sínú "cmd" pẹ̀lú nọ́ńbà ti àkọ́kọ́, bíi ping 192.168.1.1. Bí "Reply from 192.168.1.1" bá ṣì ń jáde lẹ́yìn tí ẹ ti yọ onínọ́ńbà náà kúrò lára iná, ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yẹn.

2. Ẹ yan ọ̀gá

Èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba inú rẹ̀ wọlé ni ọ̀gá, ì báà jẹ́ oní-sím tàbí ti fáíbà. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú bíráúsà láti wọ ojú ewé ètò rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tí ìpín DHCP rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 192.168.8.1: ẹ jẹ́ kí ìpín náà bẹ̀rẹ̀ láti 192.168.8.100 dé 192.168.8.200. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 2, ẹ sún un síwájú, kó má baà lọ fún fóònù ẹnìkan ní nọ́ńbà tí a fẹ́ fún ráútà kejì.

3. Ẹ gba oyè lọ́wọ́ èkejì

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ yọ wáyà tó so ráútà méjèèjì pọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìnì tẹ ihò "Reset" ráútà kejì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, títí iná rẹ̀ á fi ṣẹ́jú. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọ̀kan nínú ihò "LAN" rẹ̀, ìyẹn ihò fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Nọ́ńbà àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ máa fi wọlé wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí "Access Point" (ipò tí ráútà ti ń pín Wi-Fi láìpín nọ́ńbà) lábẹ́ "Operation Mode", ẹ yàn án, ẹ fún Wi-Fi rẹ̀ lórúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Ẹ bọ́ sí ìgbésẹ̀ 4. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ṣe é báyìí, ẹ má sì yí bí àwọn ìgbésẹ̀ náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn padà. Orúkọ Wi-Fi àti páásíwọ́ọ̀dù ni ẹ kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ "LAN", ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ sí 192.168.8.2, kí "Subnet Mask" sì jẹ́ 255.255.255.0. Ẹ tẹ "Save". Ojú ewé náà á já, nítorí ráútà ti kúrò ní nọ́ńbà tí ẹ fi wọlé. Ẹ tẹ 192.168.8.2 kí ẹ tún wọlé. Ìgbà yìí ni ẹ tó pa "DHCP Server".

Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa DHCP lè tì ara rẹ̀ mọ́ta. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tó bá ti ráútà mu. Bí ráútà bá ṣì wà ní 192.168.1.1, ẹ fún kọ̀ǹpútà ní 192.168.1.50, ẹ ó sì rí i wọ̀. Ẹ má gbàgbé láti dá kọ̀ǹpútà padà sí "Automatic" lẹ́yìn náà.

4. Ẹ so wọ́n pọ̀

Láti "LAN" ọ̀gá sí "LAN" èkejì ni wáyà ń lọ. Ihò "WAN" (ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ìta ń gbà wọlé), tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, àyàfi bó bá jẹ́ "Access Point" ni ẹ yàn tí ìwé rẹ̀ sì ní kí ẹ lò ó. Àwọ̀ ihò yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Wáyà kan ṣoṣo ni. Bí ẹ bá fi méjì so wọ́n pọ̀ nítorí kó lè yá, ọ̀rọ̀ kan náà á máa yípo láàárín wọn láìdúró, gbogbo iná á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì á sì kú pátápátá. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì Cat5e tó jẹ́ kọ́pà gidi tó, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lásán tètè ń kán nídìí, pàápàá níbi tó bá ti gba etí fèrèsé kọjá.

5. Ẹ dán an wò

Ẹ pa Wi-Fi àwọn fóònù, kí ẹ tún tàn án. Lórí kọ̀ǹpútà Windows tó so mọ́ ráútà kejì, ẹ tẹ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew. Ẹ wá ping 192.168.8.2 (bí ẹ kò bá yan "Access Point"), lẹ́yìn rẹ̀ 192.168.8.1, lẹ́yìn rẹ̀ 8.8.8.8, nọ́ńbà Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà bá di 169.254, tàbí tí 2 bá dáhùn tí 1 kò dáhùn, ẹ yẹ wáyà àárín wọn wò. Bí 1 bá dáhùn tí 8.8.8.8 kò dáhùn, inú ilé ti dára. Sím, dátà tàbí nẹ́tíwọ̀kì ìta ni kí ẹ lọ bá. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn tí google.com kò ṣí, DNS (ohun tó ń sọ orúkọ bíi google.com di nọ́ńbà) ló ní ìṣòro, ẹ wò ó lára ọ̀gá.

Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ fún Wi-Fi méjèèjì lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀. Bó bá ti dára, ẹ lè sọ ọ́ di orúkọ kan àti páásíwọ́ọ̀dù kan, fóònù á máa yan èyí tó bá lágbára jù. Ṣùgbọ́n lórí 2.4 GHz, ẹ fi ọ̀kan sí "Channel" 1, èkejì sí 6 tàbí 11, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn lẹ́yìn.

Bí ráútà méjèèjì bá ní sím ńkọ́?

Ó wọ́pọ̀ gan-an, nítorí nẹ́tíwọ̀kì kan á dára láàárọ̀, òmíràn á dára lálẹ́. Ẹ má fi wáyà so "LAN" wọn pọ̀, ẹ má sì kó àwọn méjèèjì sínú súíìṣì nẹ́tíwọ̀kì kan (àpótí oníhò púpọ̀ fún wáyà). Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní torí bẹ́ẹ̀ yára sí i. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú orúkọ Wi-Fi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ara wọn láìfọwọ́kàn, ráútà oní-WAN méjì ni ẹ ó rà, òun ni á sì jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn méjèèjì.

Fún ayálégbé tàbí oníṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ lo "Guest", Wi-Fi àlejò, lára ọ̀gá. Àwọn kan máa ń fún wọn ní ráútà tiwọn láti ihò "WAN", wọ́n á ní àwọn ti ya wọ́n sọ́tọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló rí: ẹni tó wà lẹ́yìn ráútà kejì lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kámẹ́rà onílé, onílé ni kò ní lè dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ṣájà wọn náà. Ihò ti volt 9 àti ti volt 12 lè jọra. Volt 9 lára ráútà volt 12 á mú kó máa kú kó máa jí, ẹ ó sì rò pé ìjà ni. Volt 12 lára ti volt 9 lè jó o.

Ẹ lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn ráútà kejì, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ńbà rẹ̀ ni 192.168.8.2, pé a ti pa DHCP rẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ "Reset". Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti dá a padà sórí oyè, láti ìgbésẹ̀ 3 ni ẹ ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀.