Eegun Tó Ti Ń Fúyẹ́: Kálísíọ̀mù Nìkan Ò Lè Dá A Ṣe

Tí dókítà bá ti sọ fún èèyàn pé eegun ẹ̀ ti ń fúyẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni ká sáré lọ ra kálísíọ̀mù, ká máa gbé e mì láàárọ̀ lálẹ́, ká wá jókòó pa ká máa retí pé eegun á le. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kálísíọ̀mù dà bíi búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ já síwájú ilé, tí bíríkìlà ò bá wá, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ohun tó ń pe bíríkìlà ni ẹrù tẹ́ẹ bá gbé lé eegun lórí, ìyẹn ẹsásáìsì. Ẹ wo àwọn tó ń lọ gbé lójú òfúrufú, ara wọn le, wọ́n ń jẹun dáadáa, àmọ́ torí pé kò sí ohun tó wúwo lára wọn lọ́hùn-ún, eegun ìbàdí wọn lè máa dín ní nǹkan bí ìdá 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù.

Ẹ kọ́kọ́ wo èsì DEXA yín ná, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí eegun ṣe ki tó. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní T-score. Tó bá jẹ́ -1 sókè, kò séwu, tó bá wà láàárín -1 àti -2.5, eegun ti ń fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò tíì di osteoporosis (àìsàn tó ń jẹ́ kí eegun tètè fọ́), láti -2.5 lọ sísàlẹ̀ ló ti dé bẹ̀. Kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan irin ẹsásáìsì kankan, ẹ bi dókítà bóyá ọ̀kan nínú eegun ẹ̀yìn yín ti fọ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì á kàn rí i pé òun ti kúrú sí i tàbí pé ẹ̀yìn òun ti ń tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fítámìn D inú ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti pẹ́ lórí prednisolone (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù kan), ẹ sọ ọ́, oògùn yẹn máa ń jẹ eegun.

Ó ya, ká sọ̀rọ̀ oògùn. Obìnrin tó ti lé ní 50 nílò kálísíọ̀mù 1200 mg lójúmọ́, ọkùnrin nílò 1000 mg títí tó fi máa pé 70, lẹ́yìn ìyẹn òun náà á bọ́ sí 1200. Àmọ́ oúnjẹ wà nínú ìṣirò yẹn o! Ife wàrà kan máa ń ní tó 300 mg, ẹja inú agolo tẹ́ẹ bá jẹ teegun-teegun náà ní tiẹ̀. Ẹ ṣírò èyí tẹ́ẹ ń jẹ, kí ẹ wá fi oògùn dí àlàfo tó kù, kò sí èrè kankan nínú kẹ́ẹ máa gbé e mì gọ̀bọ̀ìgọ̀bọ̀ì, ó lè fa òkúta inú kíndìnrín, kí ìgbẹ́ sì há mọ́ yín nídìí. Ara ò sì lè gba ju bíi 500 mg lọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, torí náà ẹ pín in sí méjì.

Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa. Hóró tí wọ́n kọ calcium carbonate 1250 mg sí, 500 mg kálísíọ̀mù gangan ló wà nínú ẹ̀. Carbonate yìí ń fẹ́ oúnjẹ nínú kó tó wọlé, irú kejì tó ń jẹ́ calcium citrate lẹ lè lò nígbàkígbà, òun ló sì dára jù fẹ́ni tó ń lo omeprazole (oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù). Tẹ́ẹ bá ń lo levothyroxine (oògùn táírọ́ìdì), ẹ fi wákàtí 4 sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n sì fún ní alendronate (oògùn tí kì í jẹ́ kí eegun máa jẹrà), òfo inú lẹ máa fi lò ó láàárọ̀, pẹ̀lú omi lásán, ẹ má dùbúlẹ̀, ẹ má jẹ nǹkan kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kálísíọ̀mù á wá dúró dìgbà tó bá yá. Ẹ má sì torí pé ẹ ń lo kálísíọ̀mù kẹ́ẹ wá já oògùn tí dókítà kọ fún yín sílẹ̀ o, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Fítámìn D ló ń jẹ́ kí ara gba kálísíọ̀mù wọlé. 600 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò fítámìn) ló tó lójúmọ́, 800 fẹ́ni tó ti lé ní 70, àfi tí tẹ́ẹ̀sì bá fi hàn pé tiyín ti lọ sílẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ẹ lo 10,000 lójoojúmọ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Wọ́n ti dán an wò ní Kánádà fọ́dún 3, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, àwọn tó lo èyí tó pọ̀ jù yẹn, eegun ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ló tiẹ̀ fúyẹ́ ju ti àwọn tó lo 400 lọ. Fítámìn K2 ńkọ́? Ẹni tó bá ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) kò gbọ́dọ̀ dá a lò láìsọ fún dókítà. Strontium, èròjà kan tó jọ kálísíọ̀mù, tí wọ́n ń tà kiri náà, èmi ò ní rà á, torí ó wúwo ju kálísíọ̀mù lọ, ó máa ń jẹ́ kí èsì DEXA dára ju bí eegun ṣe rí gan-an lọ.

Ẹsásáìsì wá ni gbogbo ẹ̀. Ìrìn dára o, mi ò ní kẹ́ẹ má rìn, àmọ́ eegun yín ti mọ ìrìn láti kékeré, kì í ṣe tuntun sí i. Lílúwẹ̀ẹ́ àti kẹ̀kẹ́ dáa fọ́kàn, àmọ́ omi àti kẹ̀kẹ́ ló ń bá yín gbé ara yín. Ohun tí eegun ń fẹ́ ni kí ìwúwo pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga tó dúró gbọn-in. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ sáyà, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ padà jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ṣe é 8 sí 10, ẹ sinmi, kẹ́ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ di ògiri mú, ẹ dìde sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kẹ́ẹ wá jẹ́ kí gìgísẹ̀ balẹ̀ kì, kó dún díẹ̀, ìró yẹn ń dé ìbàdí (ẹni tí eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ti fọ́ rí ò gbọdọ̀ jẹ́ kó dún, kó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀). Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ògiri kẹ́ẹ máa tì í, ìyẹn fún ọrùn ọwọ́. Ẹ dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kẹ́ẹ gbé àyà sókè díẹ̀, ìyẹn fún ẹ̀yìn. Ìgbà tẹ́ẹ bá ti ń ṣe é 12 láìmí gúlegúle, ẹrù ti kéré nìyẹn, ẹ gbé nǹkan dání. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó.

Wọ́n ṣèwádìí kan ní Ọsirélíà, èsì ẹ̀ jáde ní 2018, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró tí eegun wọn sì ti fúyẹ́ ló gbé irin tó wúwo gan-an, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fóṣù 8. Eegun ẹ̀yìn wọn fi nǹkan bí ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i, tàwọn tó ń ṣe fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nílé sì dín kù. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì wọ́n, ẹ má lọ máa dá gbé irin ńlá níyàrá.

Nǹkan tẹ́ẹ máa yàgò fún: dídùbúlẹ̀ kẹ́ẹ máa ká ara sókè torí ikùn, títẹ̀ ẹ̀yìn láti fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, yíyí ara bírí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn ti ń fọ́. Ìbàdí ni kẹ́ẹ máa ti tẹ̀, kí ẹ̀yìn gún régé. Kẹ́ẹ sì máa fẹsẹ̀ kan dúró nítòsí ògiri, ìṣẹ́jú àáyá 10, kó máa lọ sí 30, torí ìṣubú ló ń kán ìbàdí.

Kò ní yá o. Ọ̀pọ̀ oṣù leegun fi ń jẹ tàtijọ́ kó tó kọ́ tuntun, ẹ má retí nǹkan kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá pé ọdún kan sí méjì, ẹ tún DEXA ṣe, ẹ̀rọ tẹ́ẹ fi ṣe tàkọ́kọ́ gan-an ni kẹ́ẹ padà sí, torí èsì ẹ̀rọ kan kì í bá ti èkejì mu.